Ọjọ́ Tí Lọ́rì Wa Hó Lórí Òkè Ọ̀kà

Ẹni tó bá ti gun òkè Ọ̀kà rí pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ mọ̀ pé òkè náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Láti Ìkàrẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ Ọ̀kà, ọ̀nà á máa tàn ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀, o ò ní fura. Lójijì á kọ ojú sí òkúta, á gbé orí sókè, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí aboyún tó ń rọbí. Ibẹ̀ ni ojú awakọ̀ wa, Abíọ́nà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ kiri ibùdókọ̀ títí di òní.

Mọ́júbọ́lá ni orúkọ mi. Mo kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní Àfín fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣu ìlú Àfín àti Àjọwá. Ẹgbẹ́ wa ní lọ́rì kan ṣoṣo, ògbólógbòó onímú gígùn, tí a fi ń kó iṣu lọ sí ọjà Ìsùà.

Ọmọ Àjọwá ni Abíọ́nà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ti bí i nígbà tó ń ti ọjà Àrígìdì bọ̀, torí náà ó gbà pé kò sí ohun tí ẹnì kankan lè kọ́ òun nípa ọ̀nà. Ọmọlúàbí ni. Kì í mu ọtí wa ọkọ̀, kì í sá eré àsápajúdé. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni pé tí o bá ti fi ohun tí kò tọ́ hàn án lára ọkọ̀, á ní ojú rẹ ni kò ríran dáadáa.

Ó ti tó oṣù méjì tí lọ́rì náà ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá ti dé ibi tó ga díẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì á gun òkè. Abíọ́nà á dúró, á bu omi sí i, a ó tún máa lọ. Ó ti pààrọ̀ pọ́ńpù omi, ó ti pààrọ̀ họ́òsì méjèèjì, ó sì ti ra bẹ́líìtì fáànù tuntun. Kò sí èyí tó yí nǹkan padà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a kó iṣu tuntun kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu. Èmi jókòó níwájú pẹ̀lú Abíọ́nà. Ọ̀ṣẹ́nì, ọkùnrin tó ń bá wa kó ẹrù sókè tó sì ń bá wa sọ̀ ọ́, wà lórí iṣu lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, mo rí i pé abẹ́rẹ́ géèjì ti wọ ibi pupa. Mo pe àkíyèsí Abíọ́nà sí i.

"Mọ̀ọ́mi, ẹ má dá abẹ́rẹ́ yẹn lóhùn," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń parọ́."

Abẹ́rẹ́ kò parọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí òórùn kan ta sí wa nímú, èéfín funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni Abíọ́nà tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó sì pa iná ọkọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì bẹ́ sílẹ̀, ó fi òkúta ńlá méjì há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kó má baà yí padà. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ọkọ̀ ti kú, kò sí ohun tó ń yí, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀wà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irin lè ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ pọn omi wá láti inú ìsun kan tó ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ òkúta. Omi òkè Ọ̀kà tutù ju omi inú àmù lọ. Abíọ́nà fi àkísà wé ọwọ́, ó gun bọ́ńpà, ó nawọ́ sí ìdérí rédíétọ̀, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tí omi ọkọ̀ ń gbà kọjá níwájú.

"Omi tútù ni ẹ̀rọ̀," ó ń sọ ọ́ lábẹ́ eyín, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé wọn. Ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, omi tútù sì ni wọ́n máa ń ta sílẹ̀ fún irin tí inú bá ń bí.

Kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi gan-an ni mo sọ fún un pé kó ṣe kíá, kí ọjà Ìsùà má baà tú kí a tó dé. Tíṣà ni mí, mo ka ìwé, àmọ́ n kò mọ̀ pé ikú ni mo ń ti ọmọ ọlọ́mọ sí.

Ilé àgbẹ̀dẹ kan wà ní òdìkejì ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan jáde níbẹ̀, ó sọdá. Kò sáré, kò sì pariwo. Ó na apá rẹ̀ gígùn, ó di ọrùn ọwọ́ Abíọ́nà mú.

"Ọmọ mi, mọ́ ṣí i. Sọ̀ kalẹ̀."

Abíọ́nà ní omi ló gbẹ nínú rẹ̀, òun fẹ́ bu omi sí i ni.

"Mo mọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ ná, kí o wá bú mi nílẹ̀."

Bóyá ọ̀nà tí bàbá gbà sọ ọ́ ni, bóyá agbára ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni, Abíọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Ó ti yí ìdérí náà díẹ̀ kó tó sọ̀. Bàbá kó gbogbo wa sọdá sí iwájú àgbẹ̀dẹ. A kò tíì dúró dáadáa nígbà tí ìdérí náà ṣí fúnra rẹ̀.

Kí ló tún wá kù tí mo lè fi wé e? Ó bú gbàù, ìdérí náà fò sókè, ó lọ balẹ̀ sórí páànù ilé àgbẹ̀dẹ. Omi gbígbóná ta sókè, funfun gbòò, ó ga ju orí ẹrù iṣu wa lọ. Ó dúró sókè bí ẹni pé kò ní padà wá sílẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ó rọ̀ bí òjò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti sórí bọ́ńpà tí Abíọ́nà dúró sí ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Igi ìbẹ́pẹ kékeré kan wà lẹ́bàá ibẹ̀. Lójú wa báyìí ni ewé rẹ̀ rọ, tó dà bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ń sọ Àláhù Àkúbárù ní ohùn kékeré, Abíọ́nà sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Orúkọ bàbá náà ni Ògúnwọlé. Láti ìgbà èwe ló ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, nígbà tí ọkọ̀ sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná lẹ rédíétọ̀ tó ń jò. Ó ní kí a jókòó, pé a kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà fún wákàtí kan. Mo béèrè bóyá a kò lè da omi tútù sí i lára kó tètè tutù.

Bàbá mú mi wọ inú àgbẹ̀dẹ, ó fi irin ńlá kan hàn mí tó fi ń ti ìdí owú tó ń lu irin lé. Orí ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan ni nígbà kan rí. Ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ibi tó là kò fẹ̀ ju òwú ìránṣọ lọ.

"Omi tútù ló ṣe é," ó wí. "Irin tí a fi ọmọ owú lù lè fara da omi. Irin tí a yọ́ dà, bí irú ti ẹ́ńjìnnì yìí, kò lè fara dà á. Bó bá gbóná, tí òtútù sì bá a lójijì, àárín rẹ̀ á là. Ẹni tó ni èyí kò tún lọ́rì rẹ̀ ní mọ́."

Abíọ́nà ti wá dúró lẹ́yìn wa. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé omi tútù kúkú ni ẹ̀rọ̀, bí àwọn àgbà ṣe wí.

"Àwọn àgbà kò purọ́," Bàbá Ògúnwọlé dáhùn. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú Ògún ni à ń ta omi tútù sí. A kì í rọ ọ́ sí i lọ́fun nígbà tí inú rẹ̀ ń hó."

Nígbà tí a jókòó tán, ó ṣàlàyé ohun tí mo ti ń gùn láti ọdún mọ́kàndínlógún tí n kò mọ̀. Ó ní iná ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, iná gidi, tó lè yọ́ irin náà fúnra rẹ̀. Omi ló ń yí iná náà ká, tó ń gba ooru rẹ̀, tó sì ń gbé e wá sí rédíétọ̀ níwájú. Níbẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá, tí omi náà á tutù, tí á tún padà sí ìdí iṣẹ́. Ó ní ṣé mo ti rí ìyá tó ń da ògì gbígbóná láti inú ife kan sínú òmíràn kí ọmọ tó mu ún? Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i ló ń mú kó tutù. Bó bá dà á títí dalẹ̀ nínú yàrá tí a dé pa, ògì náà á ṣì gbóná.

Ó jọ mí lójú. Mo ronú sí iye ìgbà tí omi náà ti lọ tó ti bọ̀ láti Àjọwá dé ibi tí a wà, láìsí ẹni tó kí i kú iṣẹ́. Àwa tó jókòó lórí iná yẹn sì ń jẹ ẹ̀pà.

Nígbà tí wákàtí kan pé, bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́òsì òkè, rọ́bà tó ń gbé omi gbígbóná wọ rédíétọ̀. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rọ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì ti gun àkàbà gba ìdérí wá lórí páànù. Bàbá ti ní kí a gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú oòrùn láti ìgbà tí a ti jókòó, kí òtútù rẹ̀ lè dín kù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bu ú sí i. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ bóyá ó ń kán, kò kán. Ó fi ọwọ́ tẹ bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Ó ní kí Abíọ́nà ta iná sí ọkọ̀. Fáànù ń yí, pọ́ńpù ń fà.

Ó wá ní kí n ya ewé kan fún òun nínú ìwé tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ó fi bébà náà síwájú lọ́rì, ó fi sílẹ̀. Bébà jábọ́ sílẹ̀. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jábọ́.

"Fáànù ń pe afẹ́fẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé."

Gbogbo wa wo iwájú lọ́rì. Màrìwò ni. Lọ́dọọdún, bí ọdún Ògún bá ti parí, Abíọ́nà máa ń so màrìwò tuntun mọ́ iwájú ọkọ̀, kì í sì í tú ti àná, nítorí ó gbà pé ohun tí a bá ti so fún Ògún kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lórí ara wọn. Èmi máa ń rí i, mo sì máa ń rò ó pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Abíọ́nà sọ pé Ezekiel, mẹkáníìkì kan ní Ìkàrẹ́, ti sọ fún òun láti oṣù méjì sẹ́yìn pé kí òun tú màrìwò yẹn kúrò. Nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ezekiel, òun rò pé ó ń fi Ògún ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun kò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ni òun gbé e lọ bá, onítọ̀hún ló ń pààrọ̀ nǹkan kiri. Ó wá bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kan màrìwò.

Bàbá Ògúnwọlé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọmọ mi, ojúbọ Ògún àdúgbò yìí, ẹ̀yìn ilé mi ló wà. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ògún ní kí ẹ fún òun ní màrìwò. Kò ní kí ẹ fi dí òun nímú."

Ó ta omi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú lọ́rì, ó sọ gbólóhùn méjì tí n kò gbọ́ dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èyí tó wà lókè ṣì ní àwọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ti gbẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti jẹrà mọ́ ara rédíétọ̀, ìyẹ́ ẹsinsun, ìyẹ́ adìẹ àti erùpẹ̀ pupa Àjọwá sì ti di gbogbo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ pa. Ó pa iná ọkọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, ó sì fi omi tí kò le ṣàn án láti ẹ̀yìn wá síwájú títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ara rẹ̀ kọjá.

A tún ta iná sí i. Bàbá na bébà sí mi pé kí èmi fúnra mi fi síwájú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo yọ ọwọ́. Bébà náà kò jábọ́. Ó lẹ̀ mọ́ iwájú lọ́rì pẹ́pẹ́, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa èémí. Ògbólógbòó lọ́rì tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí ń mí, ojú mi ló sì ṣe. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ pé ó pa mí lẹ́kún.

Bàbá mú ẹ̀ka màrìwò kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lára pákó ìdíwọ́ ẹrù, níbi tí kò ti ní dí ohunkóhun lọ́wọ́. Ó kó ìyókù lọ sí ojúbọ. Abíọ́nà béèrè ohun tí a ó san. Bàbá ní kó kọ́kọ́ wá kí ẹnì kan nínú ilé.

Ọkùnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ ló fi ń wá a nínú igbá. Awọ ojú rẹ̀ ti sún jọ, ó ń dán, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sì ti lẹ̀ pọ̀. Bàbá Ògúnwọlé ní Ẹ̀taòkò ni, àbúrò òun, awakọ̀ lọ́rì kòkó ni tẹ́lẹ̀.

"Ta ló wa ọkọ̀ tó dún yẹn?" Ẹ̀taòkò béèrè.

Abíọ́nà ní òun ni.

"Ṣé o ṣí i?"

Bàbá Ògúnwọlé ló bá a dáhùn pé Abíọ́nà ti gbé ọwọ́ lé e kí òun tó dì í mú.

Ẹ̀taòkò gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́. Abíọ́nà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìka kan iwájú orí rẹ̀, ó kan imú rẹ̀, ó wá rọra fi àtàǹpàkò kan ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Méjèèjì pé," ó ní. "Lọ́jọ́ tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí oko."

Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde títí tí bàbá fi fà á lọ́wọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ̀yin onílọ́rì, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó níwájú tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n ṣe kíá bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá wọ ibi pupa, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa iná, ẹ fi ohun tó le há ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì jìnnà sí i. Ẹ dúró fún wákàtí kan ó kéré tán. Ìdérí rédíétọ̀ kò ṣeé ṣí títí họ́òsì òkè fi máa tutù tí á sì rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà pàápàá, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ gbé ojú yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dúró títí èéfín inú rẹ̀ á fi jáde tán, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nínú tàbí lóde.

Ẹ má sì dúró lórí pé ẹ bu omi sí i. Ọkọ̀ tó ń gbẹ omi ń sọ nǹkan fún yín. Ẹ wò ó bóyá ó ń jò, bóyá bẹ́líìtì ti tú, bóyá fáànù kò yí, bóyá iwájú rédíétọ̀ ti dí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ohun tó bá sọ fún yín tilẹ̀ dùn yín. Ẹ bọ ohun tí ẹ ń bọ, ẹ so màrìwò tàbí tẹ̀sùbáà tàbí àwòrán Màríà, ṣùgbọ́n ẹ má so ohunkóhun dí iwájú ọkọ̀.

Pọ́ńpù wà lọ́jà Ìkàrẹ́. Họ́òsì wà níbẹ̀, rédíétọ̀ wà níbẹ̀, odidi ẹ́ńjìnnì pàápàá, ẹ ó rí i rà níbẹ̀. Mo ti rìn ín yí ká, wọn kì í ta ojú.